Ẹrù Tiwa Ló Gba Láísẹ́ǹsì Lọ́wọ́ Dẹ́rẹ́bà

  

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni, àti ọ̀rọ̀ àwọn tó ń bá wa kó ẹrù láti oko wá sí ọjà. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun kì í háyà ọkọ̀, kó fún ẹlòmíì kà. Ṣùgbọ́n a ò rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́jà wa. Ata kì í fẹsẹ̀ rìn wá láti oko, iṣu kì í sì í dá ọkọ̀ wọ̀.

Ọkùnrin kan wà tó ń ru ẹrù fún wa níbi tí wọ́n ti ń já iṣu. A ò ní dárúkọ rẹ̀, torí ó níyàwó, ó bímọ, ojú sì ń tì í. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó má pariwo. Ọkùnrin yìí ti wakọ̀ ju ogún ọdún lọ. J5 ló ń wà, òun ló ń bá wa kó ẹrù láti Òkè-Ògùn, láti Ṣakí, láti Ìgbòho, láti Ìsẹ́yìn. Kì í mutí, kì í bá ènìyàn jà ní gáréèjì. Lónìí, orí ló fi ń ru ohun tó ń fi ọkọ̀ gbé tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá bi í pé kí ló dé, ohun tó máa sọ ò ju, “Ìyá, láísẹ́ǹsì mi ló lọ.” Ibẹ̀ ló máa pa ẹnu dé sí. Àwa la máa sọ èyí tó kù, torí ọwọ́ wa wà ńbẹ̀.

BÍ WỌ́N ṢE Ń KA Ẹ̀ṢẸ̀ AWAKỌ̀

Ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Road Safety. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ni alága wọn àkọ́kọ́. Kó tó dìgbà náà, Ọ̀yọ́ àtijọ́ ti ní ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà tiwa láti ọdún 1977. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná rárá.

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé bí wọ́n bá mú dẹ́rẹ́bà, tó bá ti san fáìnì, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní owó tirẹ̀, ó sì tún ní póìǹtì tirẹ̀. Ẹ fi wé ìwé tí à ń kọ gbèsè oníbàárà sí. Oníbàárà gbé ẹrù lónìí, a kọ ọ́. Ó tún gbé lọ́la, a tún kọ ọ́. Ọjọ́ tó bá dé iye kan, a ní, “Ìyá, ẹ má bínú, a ò lè tà á ní àwìn fún yín mọ́.” Bí póìǹtì ṣe rí nìyẹn. Owó lè tán nílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń ka póìǹtì lọ.

Ìwé tí wọ́n máa ń kọ fún awakọ̀ tó bá ṣẹ̀, a rí ọ̀kan lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà wa. Gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ló tò sínú rẹ̀. Ìwé mẹ́fà ni àwa kà, nítorí náà ọmọ wa ló bá wa túmọ̀ rẹ̀. Èyí tó kan àwa ọlọ́jà nínú rẹ̀ nìwọ̀nyí:

Ẹrù àpọ̀jù, ìyẹn òfálóòdù: póìǹtì 10, owó ₦10,000.
Ẹrù tó yọ síta lára ọkọ̀: póìǹtì 5, owó ₦5,000.
Fóònù lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ ń lọ: póìǹtì 4, owó ₦4,000.
Táyà tí kò dára: póìǹtì 3, owó ₦3,000.
Eré àsápajúdé: póìǹtì 3, owó ₦3,000.
Àìde bẹ́líìtì: póìǹtì 2, owó ₦2,000.
Kéèyàn máa wakọ̀ láìní láísẹ́ǹsì tó pé: póìǹtì 10, owó ₦10,000.
Ìwàkuwà tó lè pa èèyàn: póìǹtì 10, owó ₦50,000.
Kéèyàn na rìbá sí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó: póìǹtì 10, owó ₦10,000.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó ń já sí. Bí póìǹtì bá tó 10 títí dé 14, wọ́n á kìlọ̀ fún awakọ̀. Bó bá wọ 15 títí dé 20, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé láísẹ́ǹsì rẹ̀ fún ìgbà kan. Bó bá di 21 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á gba láísẹ́ǹsì náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Dẹ́rẹ́bà tí kò ní láísẹ́ǹsì, ọlọ́jà tí wọ́n ti ti ìsọ̀ rẹ̀ pa ni.

Ẹ wò ó dáadáa: òfálóòdù kan ṣoṣo, ìkìlọ̀ ti dé. Àpò méjì péré tí à ń sọ pé “fi kún un jàre” lè gbé èèyàn dé ìdajì ọ̀nà.

BÓ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ìgbà òjò ọdún tó kọjá ni. Àwa márùn-ún la lọ ra ata. Nígbà tí wọ́n di ẹrù tán, dẹ́rẹ́bà wa rìn yí ọkọ̀ ká, ó ní, “Ẹ̀yin ìyá mi, àpò ọgbọ̀n ni ọkọ̀ yìí gbà, ó ti kún o.” Àpò mẹ́jọ ló ṣì wà nílẹ̀. A ní, “Dẹ́rẹ́bà, ti ìyẹn wọlé. Ṣé àwa la máa kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń di ẹrù ni? Bí o ò bá lè gbé e, ọkọ̀ pọ̀ ní gáréèjì.”

Ẹ̀yin èèyàn wa, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló ń pa wọ́n. Ta ni ebi ń pa tí wọ́n máa sọ pé ọkọ̀ pọ̀ ní gáréèjì fún, tí kò ní gbà? Ó gbé àpò mẹ́jọ náà lé e. Méjì nínú wa jókòó sórí ẹrù, a di okùn mú.

A ò tíì rìn jìnnà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ fi dá wa dúró. Wọn ò tiẹ̀ ka àpò kankan. Wọ́n kàn wo ìdí ọkọ̀, ó ti dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n kọ póìǹtì 10 fún un, wọ́n ní kò lè kúrò níbẹ̀ àfi tí a bá já ẹrù tó pọ̀ jù sílẹ̀. Ká tó rí ọkọ̀ mìíràn, ilẹ̀ ti ṣú. Òjò rọ̀ sórí ata. Nígbà tó fi máa di àárọ̀, àpò mọ́kànlá ti ń dà omi. Owó ọkọ̀ àpò mẹ́jọ la fẹ́ jẹ, àpò mọ́kànlá ló bá a lọ.

Kí ni a wá ṣe? Dẹ́rẹ́bà la dojú ìbínú kọ. A ní òun ló fi wá ṣòfò, a ò san owó ọkọ̀ rẹ̀ tó kù. Àpò ara rẹ̀ ló ti mú ₦10,000 tó san. Ó dúró, ó wò wá, ó ní, “Kò burú, ẹ̀yin ìyá mi.” Póìǹtì 10 nìyẹn.

Lẹ́yìn oṣù méjì, iṣu la lọ kó. Ọ̀kan nínú wa ra pákó tó fẹ́ fi tún ìsọ̀ rẹ̀ ṣe, ó ní kí wọ́n bá òun tì í sáàárín iṣu. Pákó náà gùn, ó yọ sẹ́yìn ọkọ̀ gbọọrọ. Wọn ò ta aṣọ pupa mọ́ ọn. Táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ sì ti fá kodoro. Ẹ má bi í pé kí ló dé tí kò ra táyà. Owó tí a ò san fún un níjọ́sí ló fẹ́ fi rà á, ó sì sọ fún wa lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ṣọ́ dá a dúró, wọ́n kọ 5 fún pákó, wọ́n kọ 3 fún táyà. Àròpọ̀ rẹ̀ di 18. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé láísẹ́ǹsì rẹ̀ fún ìgbà kan.

A gbọ́, a ní, “Ẹ̀yà, pẹ̀lẹ́ o.” A sì wá ọkọ̀ ẹlòmíì.

Nígbà tí wọ́n dá a padà fún un, ó rọra ń ṣe. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni gùn sórí ẹrù mọ́. Ó ra táyà. Ó di ọjọ́ ọjà tó ṣáájú ọdún Iléyá, oníbàárà kún iwájú ìsọ̀ wa, ẹrù ò tíì dé. A gbé fóònù, a pè é. Kò gbé e. A tún pè é. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la pè é. Ìkarùn-ún ló gbé e, a ní, “Ṣé o ti sùn ni? Níbo lo dé?” Kó tó dá wa lóhùn, a gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó ní kó páàkì. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ló dúró sí ìyànà náà. Póìǹtì 4. Wọ́n ṣí ìwé rẹ̀, 18 ti wà nílẹ̀. Àròpọ̀ rẹ̀ di 22.

Bí láísẹ́ǹsì ṣe lọ nìyẹn. Ọkọ̀ kì í ṣe tirẹ̀, olówó ọkọ̀ gbé ọkọ̀ fún ẹlòmíì lọ́sẹ̀ kejì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ télọ̀ ò tíì ṣe fírídọ̀ọ̀mù títí di òní, nítorí owó ò sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí tó kù. Nínú àpò mẹ́jọ ọjọ́ náà, mẹ́ta jẹ́ ti àwa tí à ń kọ ìwé yìí. Fóònù tó dún ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ọwọ́ wa ló ti jáde. Ìdí nìyí tí a fi ní àwa la máa sọ ọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Orí ọmọ ti wọ́ lójú wa, àwa gan-an la sì ti í.

KÌ Í ṢE ÌKÀ NI WỌ́N FI ṢÒFIN

Ẹlòmíì á ní ìjọba kàn fẹ́ gba owó lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù ni. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọkọ̀ tí ẹrù rẹ̀ bá pọ̀ jù, búréèkì kì í tètè mú un. Ibi tó yẹ kó ti dúró, á rìn kọjá ibẹ̀ dáadáa kó tó dúró. Tó bá dé kọ́ọ̀nà, ẹrù tó ga á máa fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan. Táyà tí ẹrù tẹ̀ mọ́lẹ̀ á gbóná lójú títì, tó bá sì ti fá tẹ́lẹ̀, ó lè bẹ́ nígbàkigbà. Ẹni tó jókòó sórí ẹrù, kò sí bẹ́líìtì, kò sí ìjókòó, kò sí òrùlé. Tí ọkọ̀ bá dojú dé, abẹ́ ẹrù ara rẹ̀ ló máa wà. Ìyá ọlọ́jà mélòó la ti bá lọ sí ìsìnkú ọjà báyìí? A ò ní kà wọ́n, kí àwọn ọmọ wọn tó ń ka ìwé yìí má baà sunkún. Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́.

Eré náà ní òǹkà. Bọ́ọ̀sì èrò àti takisí ò gbọdọ̀ kọjá kìlómítà 50 ní wákàtí kan láàárín ìlú. Ní ọ̀nà ìlú sí ìlú, 80 ni. Ní ọ̀nà márosẹ̀ ńlá, 90 ni. Tírélà àti táńkà ò gbọdọ̀ kọjá 60 níbẹ̀. Nítorí náà tí dẹ́rẹ́bà bá ní òun ò lè dé kí aago méje tó lù, ẹ má sọ pé kó fò. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń lọ kó ọjà ní Mile 12 l'Ékòó, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ẹ má sọ fún dẹ́rẹ́bà pé kó gba wọ́n-wéè nítorí gosíló. Nínú ìwé Road Safety, póìǹtì 10 ni. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó tún fún ìjọba lágbára láti gba ọkọ̀ náà pátápátá. Wọ́n sì ti lu irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbàǹjo lójú ayé.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Èkíní, kí ẹ tó gbé ẹrù lé ọkọ̀, ẹ ní kí dẹ́rẹ́bà fi láísẹ́ǹsì hàn yín. Kì í ṣe ìwọ̀sí. Ẹni tí yóò gbé owó yín, ṣé ẹ ò ní wò ó ni? Ẹ wo fọ́tò, ẹ wo ọjọ́ tó máa kú. Ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún ni wọ́n ń fún wọn. Ẹ wo lẹ́tà ara rẹ̀ pẹ̀lú. A jẹ́ ti ọ̀kadà, B jẹ́ ti mọ́tò àdáni, kì í ṣe ti takisí tàbí bọ́ọ̀sì èrò, G jẹ́ ti tírélà. Ẹni tó ní lẹ́tà B tó ń gbé èrò, wàhálà ló ń bọ̀ yẹn.

Èkejì, tí dẹ́rẹ́bà bá ní ó ti kún, ó ti kún. Òun ló mọ ọkọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, owó ọkọ̀ tí a bá jọ ṣàdéhùn, ká san án pé. Owó tí a yọ níbẹ̀ ni owó táyà, owó táyà sì ni ẹ̀mí wa.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má pe ẹni tó ń wakọ̀. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ni kí ẹ pè, tàbí ẹni tó tẹ̀lé ẹrù. Tí kò bá sí, ẹ ní sùúrù. Ẹrù tó bá máa dé á dé.

Ẹ̀karùn-ún, tí wọ́n bá mú ọkọ̀ tí ẹ wà nínú ẹ̀, ẹ má dá owó ẹ̀gúnjẹ jọ fún dẹ́rẹ́bà. Póìǹtì 10 tún ni yẹn lórí èyí tó wà nílẹ̀. Wọn kì í san fáìnì sí ọwọ́ ẹ̀ṣọ́, ọ̀nà báǹkì ni wọ́n ń gbà san án, kí ó sì gba rìsíìtì rẹ̀ pa mọ́. Tí dẹ́rẹ́bà bá mọ̀ pé òun ò ṣẹ̀, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ sọ tẹnu rẹ̀ níwájú adájọ́. Tí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ pe 122. Nọ́ńbà Road Safety ni.

OHUN TÍ A FẸ́ GBÉ WÁ SÍPÀDÉ

Ẹlẹ́rù ní í gbé e níbi tó ti wúwo. Àwa la lẹrù, àwa ló yẹ kó wúwo fún. Nítorí náà, ní ìpàdé tó ń bọ̀, a fẹ́ kí ẹgbẹ́ fi ọwọ́ sí ohun mẹ́ta.

Ìkíní ni pé ẹnikẹ́ni tó bá fi ẹrù kún ọkọ̀ lẹ́yìn tí dẹ́rẹ́bà ti ní ó kún, tí wọ́n bá mú ọkọ̀ náà, òun ló máa san owó ìtanràn, kì í ṣe dẹ́rẹ́bà. A ò lè bá dẹ́rẹ́bà gba póìǹtì sórí, ṣùgbọ́n tí owó bá ti ń jáde lápò wa, ọwọ́ wa á kúrò nínú “fi kún un”.

Ìkejì ni pé kò sí ọmọ ẹgbẹ́ tó gbọdọ̀ jókòó sórí ẹrù mọ́. Ìyálọ́jà ti ní òun fara mọ́ èyí.

Ìkẹta ni ti ọkùnrin yẹn. A fẹ́ kí ẹgbẹ́ yan èèyàn méjì tí yóò tẹ̀lé e lọ sí ọ́fíìsì àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, kí wọ́n lọ béèrè ohun tó kù tí ó lè ṣe. Kí wọ́n sọ níbẹ̀ pé àwa la lẹrù. Bí wọ́n bá ní kò sí ọ̀nà, a jẹ́ pé a ti gbọ́ ọ létí ara wa. Àpótí kan á wà lórí tábìlì lọ́jọ́ ìpàdé fún fírídọ̀ọ̀mù ọmọ rẹ̀. Àwa tí à ń kọ ìwé yìí ti fi owó ọkọ̀ tí a yọ níjọ́sí síbẹ̀, a sì fi owó àpò ata mẹ́ta lé e. Kì í ṣe àánú. Gbèsè ni, a sì ti jẹ ẹ́ pẹ́.

Ẹ jẹ́ ká pé sípàdé o. Tí ẹ bá kọjá níbi tí wọ́n ti ń já iṣu, ẹ kí i dáadáa. Tó bá sì ní ẹrù yín wúwo, ẹ yọ díẹ̀ kúrò.

A ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àlọ wa á dára, àbọ̀ wa á sunwọ̀n. Àṣẹ.

Àwa ni ti yín,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́, ìsọ̀ aláta.